Kwame Nkrumah: Dáàmù àti ọ̀nà tó kọ́ ṣì ń yọjú nínú ìṣirò èéfín ìlú Accra

Ọjọ́ 22, oṣù Kìíní, ọdún 1966 ni Ààrẹ Kwame Nkrumah ṣí dáàmù Akosombo lórí odò Volta. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi sáré kiri lórí iṣẹ́ náà, láti Accra dé London, láti London dé Washington.

Oṣù kan ó lé ọjọ́ méjì lẹ́yìn ayẹyẹ ọ̀hún, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ghana mọ́ títí tó fi kú.

Ṣùgbọ́n dáàmù náà kò tẹ̀lé e lọ. Lónìí, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú Accra bá jókòó láti ṣírò afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé móoru tó ń jáde láti inú ilé àti ọkọ̀ ìlú wọn, ìpinnu tí ọkùnrin yìí ṣe ní bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wọn. Níbo ni iná tó ń wọ ilé ti wá? Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ ń gbà?

Ta ni Kwame Nkrumah?

Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1909 ni wọ́n gbà pé wọ́n bí i ní Nkroful, abúlé kan ní ilẹ̀ Nzema, ní ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Alágbẹ̀dẹ wúrà ni bàbá rẹ̀. Nyaniba ni orúkọ ìyá rẹ̀, òun náà ló sì tọ́ ọ dàgbà jù.

Ó kọ́ ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní Achimota, ó parí ní ọdún 1930, ó sì lọ ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Elmina àti Axim. Ní àsìkò yẹn, Nnamdi Azikiwe láti Nàìjíríà wà ní Accra, ó ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn African Morning Post. Ọ̀rọ̀ Azikiwe wọ Nkrumah lára gan-an, òun náà sì pinnu pé Amẹ́ríkà ni òun ń lọ.

Owó ni kò sí. Ó fara pamọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kan dé Èkó, kó lè lọ bá ìbátan rẹ̀ kan tó ń gbé níbẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Owó tí ìbátan yìí fún un wà lára ohun tó gbé e dé Yunifásítì Lincoln ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní ọdún 1935.

Ọdún mẹ́wàá ló lò ní Amẹ́ríkà. Ó ta ẹja ní Harlem, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ, ó gbé oúnjẹ fún èrò inú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń kàwé lọ. Ní ọdún 1945 ó kọjá sí London, ó sì wà lára àwọn tó ṣètò ìpàdé àwọn ọmọ Áfíríkà tó wáyé ní Manchester ní oṣù Kẹwàá ọdún náà.

Oṣù Kejìlá, ọdún 1947 ló padà sílé. Ẹgbẹ́ òṣèlú UGCC ló ránṣẹ́ pè é wá ṣe akọ̀wé àgbà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí àwọn ọlọ́pàá fi yìnbọn pa àwọn mẹ́ta lára àwọn ọmọ ogun àtijọ́ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé gómìnà ní Accra, ìlú sì dàrú. Wọ́n ti Nkrumah àti márùn-ún nínú àwọn aṣáájú UGCC mọ́lé.

Ó yapa kúrò lára UGCC, ó dá ẹgbẹ́ CPP sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà, ọdún 1949. Inú ẹ̀wọ̀n James Fort ló wà nígbà tí àwọn ará Accra dìbò yàn án ní oṣù Kejì, ọdún 1951. Gómìnà tú u sílẹ̀ pé kó wá ṣe olórí ìjọba. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, ọdún 1957, ó dúró ní Old Polo Grounds ní Accra, ó kéde òmìnira Ghana. Ní ọjọ́ kìíní, oṣù Keje, ọdún 1960, ó di ààrẹ.

Odò tí òyìnbó ti fojú sí tẹ́lẹ̀

Nkrumah kọ́ ló kọ́kọ́ ronú pé kí wọ́n dí odò Volta. Ní ọdún 1915 ni Albert Kitson, òyìnbó onímọ̀ nípa àpáta tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti rí i pé àfonífojì tó wà ní Akosombo yóò dára fún dáàmù. Ó tún mọ̀ pé òkúta bauxite tí wọ́n fi ń ṣe alúmíníọ̀mù pọ̀ nínú ilẹ̀ Gold Coast.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Robert Jackson ní ọdún 1953 láti yẹ iṣẹ́ náà wò. Nígbà tí ìgbìmọ̀ náà parí iṣẹ́ ní ọdún 1956, owó tí wọ́n dárúkọ pọ̀ débi pé àwọn tó fẹ́ fowó sí i fà sẹ́yìn. Bí òmìnira ṣe dé, dáàmù kò sí.

Nkrumah kò gbà. Lójú tirẹ̀, orílẹ̀-èdè tó bá ń ta kòkó nìkan yóò máa wo ojú ẹni tó ń ra kòkó ni. Iná mọ̀nàmọ́ná ló máa gbé ilé iṣẹ́ dìde, ilé iṣẹ́ ló sì máa sọ òmìnira di ohun tí èèyàn lè fọwọ́ bà.

Ní oṣù Keje, ọdún 1958, ó lọ bá Ààrẹ Eisenhower ní Washington. Ibẹ̀ ni wọ́n ti so ó pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ Kaiser. Àwọn ẹnjiníà Kaiser tún iṣẹ́ náà yẹ̀ wò, wọ́n gbé dáàmù náà sí Akosombo, owó sì wálẹ̀.

Nínú ọdún 1958 yẹn kan náà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìmí kábọ́ọ̀nù tó wà nínú òfuurufú, lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Ohun tó kọ́kọ́ rí jẹ́ nǹkan bí 313 nínú mílíọ̀nù kan. Lónìí ó ti kọjá 420. Iṣẹ́ ọwọ́ Keeling yìí ló jẹ́ kí ayé mọ̀ pé èéfín kì í kàn fò lọ, ńṣe ló ń pọ̀ sí i lókè. Kò sí ẹni tó fi irú ọ̀rọ̀ yìí siwájú Nkrumah nígbà tó ń wá owó dáàmù. Kì í ṣe torí afẹ́fẹ́ ló ṣe kọ́ ọ.

Àdéhùn tó korò díẹ̀

Ní oṣù Kẹrin, ọdún 1961, òfin dá àjọ Volta River Authority, ìyẹn VRA, sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ Impregilo láti Ítálì ló gba iṣẹ́ dáàmù náà. Ghana fúnra rẹ̀ san ìdajì owó rẹ̀, ó sì yá ìyókù lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ fà sẹ́yìn nítorí pé Nkrumah ń bá Soviet Union ṣe wọlé wọ̀de, kí Kennedy tó wá fọwọ́ sí i ní ìparí ọdún 1961.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ra iná tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? VALCO ni, ilé iṣẹ́ alúmíníọ̀mù tí Kaiser àti Reynolds dá sílẹ̀ ní Tema. Àdéhùn ọgbọ̀n ọdún ni, iye owó iná inú rẹ̀ sì kéré gan-an. VALCO kò lo òkúta bauxite ilẹ̀ Ghana bí Nkrumah ṣe ń retí. Láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó ohun tí wọ́n ń yọ́ wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ń jẹ ju ìdajì iná Akosombo lọ, ọdún 1985 ni ìjọba mìíràn sì tó rí i pé wọ́n tún àdéhùn náà ṣe.

Àwọn kan ṣì ń bínú sí Nkrumah lórí èyí. Ṣùgbọ́n láìsí oníbàárà ńlá kan tó máa ra iná náà, kò sí báńkì tó máa yá a lówó. Dáàmù tó mú àbùkù dání ló wà níwájú rẹ̀. Èkejì ni kí ó máà sí dáàmù rárá.

Omi tí wọ́n dí bo ilẹ̀ tó tó 8,500 kìlómítà níbùú lóròó. Nǹkan bí 80,000 èèyàn, láti abúlé tó lé ní 700, ló fi ilé, oko àti ojú oórì àwọn bàbá wọn sílẹ̀. Ìlú tuntun 52 ni VRA kọ́ fún wọn. Ilé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ oko kò tó, ọ̀pọ̀ sì tún kó kúrò. Èyí tó máa ń dun àwọn ọmọ wọn jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú tuntun yìí ló pẹ́ gan-an kí iná Akosombo tó dé ọ̀dọ̀ wọn, nígbà tí òpó iná ń gba orí wọn kọjá lọ sí Accra àti Tema.

Ilé àti ọ̀nà

Accra tí Nkrumah ń ṣe olórí rẹ̀ ń gbòòrò lójoojúmọ́. Àwọn Yorùbá ti pọ̀ níbẹ̀ tipẹ́, débi pé Lagos Town ni wọ́n ń pe àdúgbò tó wá ń jẹ́ Accra New Town.

Ọ̀pọ̀ ilé ìjọba tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1950 jẹ́ ilé tó mọ oòrùn. Fèrèsé wọn ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó gba òdìkejì jáde, òrùlé wọn sì yọ síta láti ṣíji bo ògiri. Ẹni tó bá ń ṣírò èéfín ilé lónìí yóò fẹ́ràn irú ilé bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ amúlétutù kì í pọn dandan níbẹ̀. Àwọn ilé onígíláàsì tó gòkè lẹ́yìn wọn ni ooru ń mú bí ààrò.

Nkrumah náà fẹ́ràn ilé gàgàrà. Ó kọ́ Job 600, ilé oníyàrá 600, fún ìpàdé àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1965. Àwọn alátakò rẹ̀ ní owó ìlú ló fi ń ṣe fàájì, ní àsìkò tí owó kòkó ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé.

Ọdún 1965 náà ni ọ̀nà Motorway láti Accra sí Tema ṣí, kìlómítà 19, kọnkéré ni wọ́n fi ṣe é. Tema ni èbúté tuntun, òun náà ni ibùdó ilé iṣẹ́. Nkrumah fẹ́ kí ìlú méjèèjì di ọ̀kan. Wọ́n sì di ọ̀kan lóòótọ́: lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù, trotro àti ọkọ̀ àdáni máa ń tò gbọọrọ lórí ọ̀nà yẹn ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́.

Bí ó ṣe ṣubú

Kò yẹ kí ìyìn dáàmù bo ìyókù mọ́lẹ̀. Òfin ọdún 1958 fún ìjọba Nkrumah láṣẹ láti ti èèyàn mọ́lé láìsí ẹjọ́. J. B. Danquah, ọ̀kan lára àwọn tó pè é wálé ní ọdún 1947, kú sínú ẹ̀wọ̀n Nsawam ní oṣù Kejì, ọdún 1965. Láti ọdún 1964, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló kù ní Ghana.

Ní ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 1966, Nkrumah wà ní Ṣáínà, ó ń lọ sí Hanoi láti wá bí ogun Vietnam yóò ṣe parí. Ibẹ̀ ni ìròyìn ìfipágbàjọba ti bá a. Ààrẹ Sékou Touré gbà á sí Guinea, ó sì fi oyè ààrẹ kejì dá a lọ́lá.

Àrùn jẹjẹrẹ ló pa á ní Bucharest, olú ìlú Romania, ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹrin, ọdún 1972. Wọ́n sin ín ní Conakry, wọ́n gbé e wá sí Nkroful, nígbà tó sì di ọdún 1992 wọ́n gbé e sí Old Polo Grounds, níbi tó ti kéde òmìnira.

Nígbà tí omi kò tó mọ́

Ọdún tó kú ni ẹ̀rọ mẹ́fà Akosombo pé, Ghana sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná fún Togo àti Benin. Ó wá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ Yorùbá ní Cotonou àti Porto-Novo ń tan iná Nkrumah láìmọ̀.

Ọ̀dá ọdún 1983 ló kọ́kọ́ fi hàn pé ojú òjò ni dáàmù ń wò. Adágún náà fà, iná sì dín kù. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Ghana kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fi epo àti gáàsì ṣe iná sí Aboadze, nítòsí Takoradi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na páìpù gáàsì tó gùn ní 678 kìlómítà láti Itoki ní ìpínlẹ̀ Ògùn, gba abẹ́ òkun kọjá Benin àti Togo, dé Tema àti Takoradi. Nígbà tí gáàsì Nàìjíríà bá sì já, ìdààmú ni. Láàárín ọdún 2012 sí 2016, iná ń lọ ó ń bọ̀ débi pé àwọn ará Ghana sọ ọ́ ní dumsor, ìyẹn pa-kó-o-tàn.

Lónìí, ju ìdajì iná Ghana lọ ló ń wá láti inú gáàsì. Ìdí nìyí tí ìṣirò èéfín ilé ní Accra fi máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ní Accra New Town. Kí á ní ó ń jó iná kan náà lóṣooṣù ní ọdún 1970 àti lónìí. Ní ọdún 1970, omi Volta ló ń gbé iná náà wá, nítorí náà èéfín tí wọ́n máa kọ sí orúkọ ilé náà kò ju òfo lọ púpọ̀. Lónìí, gbogbo yúníìtì tó bá wá láti inú gáàsì mú nǹkan bí ìdajì kílò ìmí kábọ́ọ̀nù dání, tàbí kó dín díẹ̀. Onílé kò fi gílóòbù kan kún un, síbẹ̀ gbèsè rẹ̀ ti pọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀?

Kò sí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń gbé sókè ìlú láti wọn gbogbo rẹ̀. Ìṣirò ni. Accra wà nínú C40, ẹgbẹ́ àwọn ìlú ńlá tó ń gbógun ti ìyípadà ojú ọjọ́, wọ́n sì ń tẹ̀lé ìlànà àgbáyé kan tó jáde ní ọdún 2014. Ọdún 2015 ni Accra fi ṣe ọdún ìpìlẹ̀ fún ètò tó gbé jáde láti 2020 sí 2025.

Ìlànà náà pín èéfín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni èyí tó jáde láàárín ìlú gan-an: bẹntiróòlù ọkọ̀, gáàsì ìdáná, jẹnẹrétọ̀. Èkejì ni ti iná ọba tí ìlú ń lò, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀kẹta ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ààlà ìlú ṣùgbọ́n tó jẹ́ tìtorí ìlú. Nípa bẹ́ẹ̀, tí dumsor bá dé tí onílé tan jẹnẹrétọ̀, èéfín rẹ̀ á kúrò ní ọ̀wọ́ kejì, á bọ́ sí ọ̀wọ́ àkọ́kọ́, á sì pọ̀ sí i.

Ti èédú tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Accra ló ń fi èédú dáná. Ìmí kábọ́ọ̀nù tó jáde láti inú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀, nítorí wọ́n gbà pé igi mìíràn lè hù kó fà á padà, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka méténì tó bá a jáde mọ́ ti ìlú.

Ti ọkọ̀ ló le jù. Lítà bẹntiróòlù kan ń tú nǹkan bí kílò 2.3 ìmí kábọ́ọ̀nù jáde, lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ń tú nǹkan bí kílò 2.7. Ìyẹn rọrùn. Ṣùgbọ́n lítà mélòó? Àwọn kan lè ka epo tí ilé epo tà, àmọ́ ọkọ̀ tó ra epo ní Accra lè lọ jó o ní Kumasi. Àwọn mìíràn lè ka ọkọ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n béèrè bí ọ̀nà tí trotro ń rìn ṣe jìn tó àti bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe gbó tó.

Ibẹ̀ ni Motorway ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Lójú Nkrumah, ìlú kan ni Accra àti Tema. Lójú ìwé, ìjọba ìbílẹ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, wọ́n sì tún ti gé lára ilẹ̀ ìjọba ìlú Accra fún àwọn mìíràn. Awakọ̀ tó gbé èrò láti Tema wá sí Makola ti la ààlà bíi mélòó kan kọjá. Tí Accra bá ka ìdajì ìrìn rẹ̀ tí Tema náà ka ìdajì, ó dára. Tí kálukú bá ní kì í ṣe tòun, èéfín náà á jáde láìní olówó, owó bọ́ọ̀sì tó yẹ kó dín in kù kò sì ní rí ibi wọlé.

Nínú ìṣirò ọdún 2015 náà, ìdọ̀tí ló mú èéfín jù jáde, ọkọ̀ àti ilé tẹ̀lé e. Méténì ló ń jáde láti ibi tí ìdọ̀tí ti ń jẹrà, kò sì sí ohun tí dáàmù lè ṣe sí ìyẹn.

Adágún Volta fúnra rẹ̀ kì í sábà wọ inú irú ìṣirò báyìí, nítorí ó jìnnà sí ààlà ìlú. Àwọn onímọ̀ mọ̀ pé igi àti ewéko tó bá jẹrà sábẹ́ omi ní ilẹ̀ olóoru ń tú méténì jáde, ọ̀pọ̀ igi inú igbó àtijọ́ ni wọn kò sì gé kí omi tó bò wọ́n. Àwọn kan lára wọn ṣì dúró lábẹ́ omi náà títí di òní, àwọn ọkọ̀ ojú omi sì máa ń forí sọ kùkùté wọn.